Ihò MRI ń dẹ́rù bà yín? Ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí ẹ lè gbà ṣe é

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹ̀rọ MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, lọ́dọ̀ mi ni mo máa ń fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan sí lọ́wọ́. Bí ẹ bá fún un pọ̀, agogo á dún níbi tí mo jókòó sí, màá sì fa bẹ́ẹ̀dì yín jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn méjì wá tẹ̀ lé ara wọn, àwọn méjèèjì ló sì fún bọ́ọ̀lù yẹn kí orí wọn tó wọnú ihò tán. Mo bi ẹni àkọ́kọ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Èémí mi máa tán níbẹ̀ yẹn." Mo bi ẹnì kejì. Ó ní, "Bí mo bá fẹ́ dìde ńkọ́?"

Ẹ̀rọ kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà, ẹ̀rù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó mú ẹni àkọ́kọ́ fara balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ká ní mo ṣe é fún ẹnì kejì ni, ńṣe ni ìbá fò sọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé ọ̀nà kan wà tó dára jù fún gbogbo èèyàn. Èyí tó dára jù fún yín wà, àmọ́ ẹ̀rù yín ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Afẹ́fẹ́ àbí ilẹ̀kùn?

Ẹ fojú inú wo líìfùtù tó kún fọ́fọ́, tó wá dúró gbagidi lójú ọ̀nà, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Kí lọkàn yín kọ́kọ́ lọ sí: afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀, àbí ilẹ̀kùn tí kò ṣí? Stanley Rachman àti Steven Taylor, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn, ṣàlàyé lọ́dún 1993 pé méjì ni ẹ̀rù ibi tó há: ìbẹ̀rù pé èémí á tán, àti ìbẹ̀rù pé èèyàn ò ní lè kúrò lójú kan. Lọ́dún 2001, ìwé ìbéèrè kan jáde tó ní ìbéèrè 26 lórí ìpín yìí, wọ́n sì ti lò ó fún àwọn tó fẹ́ wọ MRI. Èmi ò ráyè béèrè 26 láàárọ̀ iṣẹ́. Ti líìfùtù yẹn tó mi.

Látìsinsìnyí lọ, màá máa pe apá kìíní ní ẹni afẹ́fẹ́, màá sì máa pe apá kejì ní ẹni ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ló ní díẹ̀ díẹ̀ nínú méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan sábà máa ń ṣíwájú.

Ẹni afẹ́fẹ́ ń wá ẹ̀rí pé èémí ò ní tán. Ihò MRI ò dí níbì kankan; ó ṣí lápá orí, ó ṣí lápá ẹsẹ̀, bíi páìpù. Fáànù wà nínú rẹ̀, iná sì wà. Ẹ ní kí wọ́n yí fáànù náà sókè kí ẹ tó wọlé, kí atẹ́gùn rẹ̀ kàn yín lójú. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fa bùláńkẹ́ẹ̀tì dé àyà yín. Ẹni ilẹ̀kùn ò bìkítà fún fáànù. Ohun tó ń wá ni pé tóun bá ní "ẹ gbé mi jáde," ṣé wọ́n á gbé òun jáde? Ó yẹ kó fún bọ́ọ̀lù yẹn wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó gbọ́ bí agogo ṣe dún, kó rí i pé ẹnì kan dìde tọ òun wá. Bí mo bá ráyè, mo máa ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọlé, màá tún gbé e jáde, láìtíì ya àwòrán kankan, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀nà àbájáde wà lóòótọ́.

Ẹ̀rù kẹta tún wà tí kì í ṣe ti ibi tó há rárá: ẹ̀rù ohun tí àwòrán náà máa fi hàn. Fáànù ò lè wo ìyẹn sàn, ẹ̀rọ tó fẹ̀ ò sì lè wò ó sàn. Dókítà tó ní kí ẹ lọ ya àwòrán ni kí ẹ bá sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé.

MRI tàbí ẹ̀rọ míì?

Kí ẹ tó máa fi ẹ̀rọ MRI kan wé òmíràn, ẹ bi dókítà yín ní ohun kan: "Kí lẹ ń wá, ṣé ẹ̀rọ míì lè rí i?" Nígbà míì, ó ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ CT dà bí òrùka ńlá. Kò gùn bí ihò MRI, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ló sì máa ń fi ya àwòrán. Bó bá jẹ́ ikùn ni wọ́n ń wò, orí yín máa wà lódìkejì òrùka náà. Àmọ́ ìtànṣán X-ray ló ń lò, MRI ò sì lo ìtànṣán yẹn rárá. Òòfà àti ìgbì rédíò ló ń lò. Ẹ̀rọ olóhùn tí wọ́n fi ń wo oyún ò ní ihò, ẹ kàn máa dùbúlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò lè ríran kọjá eegun tàbí afẹ́fẹ́ inú ìfun.

Bó bá jẹ́ ọpọlọ, ohun tó wà nínú eegun ẹ̀yìn, tàbí àwọn iṣan tó so eegun orúnkún pọ̀ ni wọ́n fẹ́ wò fínnífínní, MRI ló sábà máa ń borí. Dókítà lè sọ pé kò sí èyí tó lè rọ́pò rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ẹ ti mọ ìdí tí ẹ fi ń wọ ibẹ̀, ìyẹn nìkan máa ń dín nǹkan kù. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹ dákẹ́, kí ẹ má lọ, kí ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ihò tó há, ihò tó fẹ̀, àti èyí tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́

| Irú ẹ̀rọ | Bó ṣe rí | Ẹni tó sábà máa ń bá mu | Ibi tó kù sí |
|---|---|---|---|
| Ihò 60 sẹ̀ǹtímítà | Òun ló wọ́pọ̀ jù látijọ́ | Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ò pọ̀, tàbí tí orí rẹ̀ máa wà níta | Èjìká lè máa kan ògiri |
| Ihò 70 sẹ̀ǹtímítà | Ó fẹ̀, ó sì sábà máa ń kúrú ju ti àtijọ́ | Èèyàn tó pọ̀ jù lọ | Bó bá jẹ́ orí ni wọ́n ń wò, orí ṣì máa wọlé |
| Èyí tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ | Òòfà kan lókè, òòfà kan nísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ṣófo | Ẹni ilẹ̀kùn, ẹni tí ara rẹ̀ ò gba inú ihò | Agbára òòfà rẹ̀ sábà máa ń rẹlẹ̀. Ó lè pẹ́ jù |
| Èyí tí wọ́n ń jókòó tàbí dúró sí | Ògiri méjì lọ́tùn-ún lósì, iwájú ṣí | Ẹni tí kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja rárá | Ó ṣọ̀wọ́n. Agbára òòfà rẹ̀ tó 0.6 Tesla (Tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà) |
| Èyí tó wà fún ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ | Ibi tó ń dun èèyàn nìkan ló ń wọlé | Gbogbo ẹni tó bá rí i | Kò wúlò fún ibòmíràn |

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlà kìíní àti ìkejì ni kí ẹ má ṣe fojú kéré. Sẹ̀ǹtímítà 10 ò jọ nǹkan kan lórí ìwé. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ tán, òun ló máa sọ bóyá ìgbọ̀nwọ́ yín á máa ha ògiri, òun náà ló máa sọ bóyá ẹ máa rí àlàfo láàárín imú yín àti òkè ihò. Ọdún 2004 ni irú ẹ̀rọ tó fẹ̀ báyìí kọ́kọ́ jáde, agbára òòfà rẹ̀ sì jẹ́ 1.5 Tesla, bíi ti àwọn tó há. Ẹ ò pàdánù nǹkan kan nínú àwòrán. Àwọn kan ti wà báyìí tó fẹ̀ tó 80 sẹ̀ǹtímítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òòfà ti wọn rẹlẹ̀, 0.55 Tesla.

Èyí tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Orúkọ rẹ̀ dùn létí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí lóòótọ́. Ẹ lè rí yàrá, ẹ lè di ọwọ́ ẹni tó bá yín wá mú. Ṣùgbọ́n òòfà ti òkè wà lórí ojú yín bí àwo pẹrẹsẹ ńlá, ó sì lè sún mọ́ ojú ju òkè ihò 70 lọ. Ẹni ilẹ̀kùn á wo ẹ̀gbẹ́, ara á tù ú. Ẹni afẹ́fẹ́ tó ń wo òkè lè rò pé àwo yẹn fẹ́ bọ́ lé òun láyà. Mo ti rí ẹni tó wá ẹ̀rọ tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó débẹ̀ tán, tó ní òun ò lè ṣe é, tó sì wá ṣe é wẹ́rẹ́ nínú ihò tó fẹ̀.

Ohun kejì ni àkókò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni òòfà wọn wà láàárín 0.2 sí 0.4 Tesla, ìwọ̀nba díẹ̀ ló dé 1 tàbí 1.2. Òòfà tí agbára rẹ̀ rẹlẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú púpọ̀ sí i kí àwòrán tó mọ́, tàbí kó má mọ́ tó fún ohun kékeré tí dókítà ń wá. Bí wọ́n bá wò ó tí wọ́n ní kò mọ́, ẹ máa padà wá sínú ihò tí ẹ sá fún. Ìmọ̀ràn tèmi: ihò 70 ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bí ẹ bá gbìyànjú rẹ̀ tí kò ṣeé ṣe, tàbí bí ara yín ò bá gbà nínú rẹ̀, nígbà náà ni kí ẹ lọ síbi èyí tó ṣí, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi dókítà tó máa ka àwòrán náà bóyá á tó fún ohun tí wọ́n ń wá.

Níbo lorí yín máa wà?

Ọ̀pọ̀ ń fi ẹ̀rù pa ara wọn lórí ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ rárá. Àárín ihò ni ibi tí wọ́n fẹ́ yà gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe orí. Bó bá jẹ́ orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi wọlé, orí yín á sì wà níta gbangba. Bó bá jẹ́ ìbàdí, ẹsẹ̀ náà lẹ lè fi wọlé, orí á sì wà nítòsí ẹnu ihò. Ẹ béèrè, nítorí àwọn kan máa ń fi orí gbé gbogbo èèyàn wọlé torí pé bẹ́ẹ̀ ló mọ́ wọn lára.

Ti ọpọlọ, ọrùn àti èjìká ni kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí: orí máa wọlé. Fún ọpọlọ, akoto kan tún wà tí wọ́n máa dé lé orí yín. Ó ní ihò lójú bíi ti àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù orí yìnyín, ó sì ń ró "ká" bó bá ti wọ àyè rẹ̀. Ìró "ká" yẹn ló ń lé ẹni ilẹ̀kùn dìde ju ihò fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ ní kí wọ́n dé e, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n tún dé e, kí bẹ́ẹ̀dì tó rìn.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni, ẹ lè béèrè bóyá ẹ lè dojú bolẹ̀. Ẹni tó dojú bolẹ̀ ò rí òkè ihò, ó sì lè fi ọwọ́ gbé iwájú orí. Kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò ló gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ò pani.

Aṣọ ìbojú tàbí dígí?

Bí mo bá ní ohun méjì péré tí mo lè fún èèyàn, àwọn méjì yìí ni. Wọn ò wọ́n, wọn ò gba àkókò, síbẹ̀ wọ́n ń pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò jọra, ẹ má sì gbà á bí ẹni pé èyíkéyìí ló dára.

Aṣọ ìbojú wà fún ẹni afẹ́fẹ́. Ẹni tí kò rí ògiri ò ní mọ bó ṣe jìnnà sí òun tó. Òfin kan ló ní: kí bẹ́ẹ̀dì tó rìn ni kí ẹ ti bo ojú, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé. Ẹni tó ti rí òkè ihò lẹ́ẹ̀kan, tó wá bo ojú, ohun tó rí yẹn ló máa máa rí lábẹ́ aṣọ. Aṣọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ká ti tó. Bó bá ní wáyà tàbí bọ́tìnì irin, kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá. Èyí tí wọ́n ń fi bo imú náà ńkọ́? Àjọ FDA tó ń rí sí oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ lóṣù Kejìlá ọdún 2020 nípa àwọn tó ní wáyà ní imú, lẹ́yìn tí irú rẹ̀ kan jó aláìsàn lójú nínú MRI.

Dígí wà fún ẹni ilẹ̀kùn. Wọ́n máa ń kì í sórí akoto, tàbí kí wọ́n fún yín ní awò tó ń darí ojú sápá ẹsẹ̀. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ ń wo òkè, síbẹ̀ ohun tí ẹ ń rí ni ẹsẹ̀ ara yín, ẹnu ihò, àti fèrèsé tí èmi jókòó sí lẹ́yìn rẹ̀. Mo máa ń juwọ́. Ó dà bí eré, àmọ́ mo ti rí i tí èjìká èèyàn wálẹ̀ bó ṣe rí ọwọ́ mi. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá bo ojú ẹni ilẹ̀kùn, ẹ ti gba ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó kù fún un.

Ariwo, orin, àti ọwọ́ ẹni tó bá yín wá

Ẹ̀rọ yìí ń pariwo. Ó lè kọjá 110 dẹ̀síbẹ̀lì, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ dí yín létí, bó bá jẹ́ ti fóòmù tàbí ti hẹ́dífóònù. Àwọn kan máa ń fi orin sí i. Èmi ò kórìíra orin, àmọ́ ariwo ẹ̀rọ máa ń bo díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹni tó ń tiraka láti gbọ́ orin á wá máa jà pẹ̀lú ariwo. Ohun tí mo rí pé ó ṣiṣẹ́ jù ni kí ẹ sọ ariwo náà di aago. Abala abala ni wọ́n ń ya àwòrán. Abala kọ̀ọ̀kan ní ìró tirẹ̀, ọ̀pọ̀ sì wà láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 6. Èyí tó ń ṣe "kò-kò-kò" á parí, ìdákẹ́jẹ́ á wà, èyí tó ń ṣe "gbá-gbá-gbá" á bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè iye abala tó máa jẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé 6 ni, tó sì ti ka 4, kò sí nínú ihò tí kò lópin mọ́.

Ẹni tó bá yín wá lè wọlé ní ọ̀pọ̀ ibi, bí òun náà bá ti dáhùn gbogbo ìbéèrè nípa irin ara, ìyẹn irin tí wọ́n bá ti fi sí i lára, tó sì ti bọ́ gbogbo irin sílẹ̀. Kò ní lè bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tí ariwo bá ń lọ. Ẹ ní kó gbé ọwọ́ lé ọrùn ẹsẹ̀ yín, kó má sì gbé e kúrò. Ọwọ́ tó ń wá tó ń lọ burú ju àìsí ọwọ́ lọ.

Ìdánrawò tàbí oògùn?

Ẹ wo kàlẹ́ńdà yín kí ẹ tó dáhùn. Bó bá jẹ́ ọ̀la ni, ìdánrawò ò lè ṣe púpọ̀. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí bí ẹ bá ní àìsàn tí wọ́n á máa ya àwòrán rẹ̀ lọ́dọọdún, mo gbà pé ìdánrawò ló dára jù, torí oògùn ọdún yìí ò ní ran tọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́.

Nílé, ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ẹ fi ariwo MRI tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sórí fóònù. Ó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìṣẹ́jú kan lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 5, lẹ́yìn náà 10, títí dé 20. Ẹni afẹ́fẹ́ fi aṣọ bo ojú ṣe é. Ẹni ilẹ̀kùn kó ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, kó ní kí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ká òun mọ́lẹ̀. Àṣírí rẹ̀ nìyí: ẹ má ṣe jáde nígbà tí àyà bá ń já jù. Ẹ dúró títí á fi rọlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tó jáde. Ẹni tó bá sá ní góńgó ẹ̀rù ti kọ́ ara rẹ̀ pé sísá ló gba òun là. Bí ẹ bá lè rí oníṣègùn tó mọ ẹ̀rù tọ́jú, ẹ lọ. Lars-Göran Öst, onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn láti Swídìn, ti kọ nípa rẹ̀ láti ọdún 1989 pé ìjókòó ẹyọ kan, tí kì í ju wákàtí 3 lọ, lè tó fún ẹ̀rù ohun pàtó kan. Àwọn ibì kan tún ní ẹ̀rọ MRI àfarawé tí kò ní òòfà, àwọn ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́. Mi ò mọ ohun tó ní kí àgbà má béèrè fún un.

Oògùn ò burú. Ó kàn jẹ́ pé ipele mẹ́ta ló ní, àwọn èèyàn sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní "kí wọ́n fún mi ní nǹkan."

Èyí tó fúyẹ́ jù ni hóró kan tí dókítà máa kọ fún yín, bíi lorazepam tàbí diazepam. Ẹ máa lò ó ní nǹkan bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe ní kí ẹ ṣe. Ẹ ṣì wà lójúfò, ẹ ń gbọ́ ohùn mi, ẹ lè di èémí mú nígbà tí mo bá ní kí ẹ dì í mú. Fún ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ le díẹ̀, ó sábà máa ń tó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wakọ̀ lọ, ẹ má sì ṣe wakọ̀ bọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá yín lọ. Ẹ má fi ọtí sí i. Bí ẹ bá ń lo oògùn ìrora tó lágbára, bí èémí yín bá máa ń dá dúró lójú oorun, tàbí bí oyún bá wà níkùn, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́. Ẹ má sì lo èyí tí ọ̀rẹ́ fún yín láé. Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ: ẹ dáhùn ìbéèrè nípa irin ara kí oògùn tó mú yín. Ẹnì kan wá bá mi lẹ́yìn tí hóró ti mú un, mo bi í bóyá wọ́n ti fi irin kankan sí i lára rí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní "bóyá." A sún un síwájú.

Ipele kejì ni abẹ́rẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, bíi midazolam. Ẹ máa tòògbé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ èémí àti ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ yín ní gbogbo ìgbà, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ilé síkáànì ló lè ṣe é. Àléébù kan wà tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ nìkan ló mọ̀: ẹni tó ń tòògbé máa ń han oorun, orí á máa mì, àwòrán á máa bàjẹ́. Àwọn míì á ta jí lójijì láàárín iṣẹ́, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà.

Oorun pátápátá, èyí tí dókítà akunnilóorun ń fúnni, ni ìkẹta. Ẹ ò ní mọ nǹkan kan. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ ṣáájú, ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí 6 láìjẹun àti wákàtí 2 láìmu omi. Ó gba dókítà púpọ̀, ó gba ohun èlò tí òòfà ò lè fà, ó sì ní ewu tirẹ̀. Mo gbà pé ó tọ́ fún ọmọ kékeré àti fún ẹni tí gbogbo ọ̀nà yòókù ti já kulẹ̀ fún. Láti fi bẹ̀rẹ̀? Rárá.

Fún àwa tó wà lóde ihò

Àkókò ti kúrú púpọ̀ sí ti àtijọ́. Nígbà tí Raymond Damadian, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ yìí ya àwòrán inú àyà èèyàn lóṣù Keje ọdún 1977, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí 5. Lónìí, ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ò ju ìṣẹ́jú 20 sí 45 lọ. Ẹni tó wà nínú ihò ò mọ̀ ọ́n bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún un. Ẹnu wa ló ń fà á gùn tàbí kó gé e kúrú.

Bí ẹ bá ní "ẹ má bẹ̀rù," ẹ ò tíì sọ nǹkan kan. Bí ẹ bá ní "ariwo tó ń bọ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń kan ìṣó, ìṣẹ́jú 4 ni," ẹ ti fún un ní ohun tó lè dì mú. Ẹ má ní "ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí" bí ó bá ku abala mẹ́ta. Ẹ sọ pé ó ku mẹ́ta. Irọ́ kan tí ó bá já yín mọ́ nínú ihò, kò ní gba òótọ́ kankan gbọ́ mọ́. "Àwọn ọmọdé pàápàá ń ṣe é" ni mo kórìíra jù nínú gbogbo wọn, ìtìjú ló ń fi kún ẹ̀rù. Ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀ láàárín abala kan sí èkejì, kódà bí kò bá sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ìṣẹ́jú kan láìgbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni pẹ́ gan-an nínú páìpù yẹn.

Àwọn méjì ọjọ́ yẹn padà wọlé. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n fi aṣọ bo ojú òun nígbà tí bẹ́ẹ̀dì ṣì wà níta, mo yí fáànù sókè dé òpin, ó sì ṣe gbogbo abala 5 láìsọ̀rọ̀. Ẹnì kejì kọ aṣọ. Mo fi dígí sí akoto rẹ̀, mo gbé e wọlé, mo gbé e jáde; mo tún gbé e wọlé, mo tún gbé e jáde. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí n tó tẹ bọ́tìnì láti fà á jáde, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wà níbí, ẹ máa yà á." Nígbà tó parí, ó fi bọ́ọ̀lù rọ́bà náà lé mi lọ́wọ́. Ó tutù rinrin fún òógùn. Kò fún un lẹ́ẹ̀kankan.